Òtítọ́ Tí Màmá Fi Purọ́

Ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a sin Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ilé ò sì tíì dá. Bí àwọn kan ṣe ń jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró." Ohun tó tún wá ń rẹ̀ mí jù ni pé gbogbo wọn ló ń sọ ìtàn obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n ní ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àlùfáà dúró lórí àga ìwàásù, ó ní Màmá tutù bí àdàbà. Mo bojú wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìyẹn náà bojú wò mí, a jọ dorí kodò kí ẹ̀rín má baà pa wá nínú ilé Ọlọ́run.

Màmá kì í ṣe àdàbà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe nọ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì fi jẹ́ sístà àgbà ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ní ọsibítù kan nílùú wa níbí. Ẹnu rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ le. Mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹmọ̀ láti ọmọ ọdún méje, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Kí ẹ sì má bínú pé mò ń pè é ní "ó" dípò "wọn". Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan, kí ẹni tó máa kà á má baà rò pé wọ́n pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkà. Kí wọ́n tó la ikùn ènìyàn ní tíátà, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ka gbogbo gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, àti irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kí wọ́n tó rán an padà, yóò tún wọn kà, nítorí gọ́ọ̀sì tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ kì í hàn mọ́, wọ́n sì lè rán an mọ́ aláìsàn nínú. Màmá gbé àṣà yìí wá sílé. Ó ń ka ṣíbí, ó ń ka abọ́, ó ń ka àwa ọmọ. Bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, a ó tò sẹ́nu ọ̀nà, yóò kà wá. Bí a bá dé, yóò tún wa kà. Lọ́dún kan, a jáde ní mẹ́fà, a wọlé ní méje. Ọmọ aládùúgbò kan ló tẹ̀ lé wa bọ̀ nítorí ó gbọ́ pé a ó jẹ ìrẹsì. Àwa ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó wẹ ọmọ náà, ó bu oúnjẹ fún un, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ bá ìyá rẹ̀, ẹni tí kò tíì mọ̀ pé ọmọ òun ò sí nílé. Nígbà tó dé, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ohun tí o ò bá kà wọlé, o ò lè kà á jáde."

Ó tún ní ti omi. Yóò fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, yóò wá gbé méjèèjì sókè kí omi máa ro wálẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní fi nǹkan kan nù ún. Nígbà tí àwọn àna wa kọ́kọ́ wá tọrọ àbúrò ìyá mi, bàbá ọkọ nawọ́ sí i pé kí àwọn bọwọ́. Màmá kí i dáadáa, ó sì bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ ti sọ̀ nínú mọ́tò?" Bàbá ní gáréèjì Kútọ̀ ni. Màmá nawọ́ sí abọ́ omi tó wà lórí àpótí. Àwọn àna bínú débi pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ ìyàwó náà dàrú. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja, kí wọ́n tó rọ̀. Títí Màmá fi kú, kò gbà pé òun ṣẹ̀. Ó ní, "Èmi ò bú wọn. Omi ni mo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn."

Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú wa jù nínú ilé ni ti orúkọ àìsàn. Bí mo bá jí tí mo ní ara mi ò yá, yóò ní, "Ara wo? Orí ni, inú ni, àbí ọ̀fun? Pè é lórúkọ, Títí." Ọmọ kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ, ni Màmá, kò sì gba ẹ̀rù bíbà tí kò nídìí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà nílùú wa kì í dárúkọ àìsàn tó ń sọ ọmọdé lára. Láti ayé ìgbóná, tó kó odindi agboolé lọ, ni wọ́n ti gbà pé bí o bá dárúkọ rẹ̀, yóò gbọ́, yóò sì yà. Nítorí náà, wọn a ní "ilẹ̀ gbóná". Wọ́n ka èèyi sí àbúrò ìgbóná, òun náà sì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Bí ìyá kan bá ní "ilẹ̀ gbóná nílé wa", ẹni tó bá gbọ́ èdè mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn ló ń sọ. Ó ní ọmọ kan ń ṣe èèyi nílé.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Màmá àti Ìyá Aláró ti ń jà láti kékeré. Ìyá Aláró, tó ń jẹ́ Sàfúrátù, ń pa àdìrẹ láró ní Ìtòkú. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń pọnmi ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èyí ò sì dí nǹkan kan lọ́wọ́ láàárín wọn. Àfi èyí. Ẹ̀bùn ni Ìyá Aláró máa ń pe Màmá.

"Sàfú, èèyi ni. Kì í ṣe ọba. Kò ní gbọ́."

"Ẹ̀bùn, ìwọ lo kàwé. Èmi ò ní fi ẹnu ara mi pe àlejò tí mi ò fẹ́."

"Àìpè é ò ní kó má wá."

"Pípè é náà ò lé e lọ. Gbé ẹ̀kọ yẹn wá ká jẹun, ọ̀rẹ́ mi."

Ọdún tí mo parí ìwé mẹ́wàá, tí mo jókòó sílé tí mò ń retí èsì ìdánwò, láyé ìjọba alágbádá, ni èèyi wọ ìlú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí kò sì fẹ́ jáde. Wọ́ọ̀dù ọmọdé kún. Ọmọ méjì, mẹ́ta, ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Wọ́n tẹ́ ẹní sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò kárí. Èyí tó sì dé, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti bà á jẹ́ nínú fíríìjì. Màmá máa ń dé lálaalẹ́, yóò jókòó sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ti wọ́ọ̀dù ọmọdé. Kò sẹ́ni tó ń rò ti àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọmọ tí egbò rẹ̀ ṣì tutù kò lágbára láti gba èèyi. Ikọ́ rẹ̀ nìkan tó láti já okùn tí wọ́n fi rán an. Nítorí náà, Màmá àti dókítà yí iṣẹ́ padà. Èyí tó bá lè dúró, bí ìpá tàbí bẹ́líkẹ tó ń dí ọmọ lọ́fun, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, kó padà wá bí òjò bá dé. Èyí tí ikú ń lé bọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ abẹ wà, ó ku ọ̀kan. Màmá gbé àpótí sẹ́nu ilẹ̀kùn kan yìí, ìbéèrè méjì ló sì ń bi gbogbo ìyá ọmọ: ṣé ọmọ yìí ti ṣe èèyi rí? Ṣé ẹnikẹ́ni ń ṣe é nílé yín lọ́wọ́? Bí ọmọ ò bá tíì ṣe é rí, tí ẹnì kan sì ń ṣe é nílé, wọn kì í gbà á wọlé. Wọ́n á kọ lẹ́tà fún wọn kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní ìlú kejì, bí wọ́n bá rí mọ́tò. Màmá fúnra rẹ̀ ló mú òfin yìí wá, ó sì ń dáàbò bò ó. Bí àwọn ìyá bá ń sunkún, yóò ní, "Àwọn tó wà nínú ilé náà lọ́mọ ni wọ́n."

Ará Íńdíà ni dókítà oníṣẹ́ abẹ wa. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì ní sùúrù, ṣùgbọ́n gbogbo Yorùbá tó gbọ́ ò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ṣé ó ń dùn ẹ́?" lọ. Màmá ni etí rẹ̀, Màmá ni ẹnu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Aláró sáré wọlé, ó pọn ọmọ ọmọ rẹ̀, Sìdíkátù, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà ń bi omi aláwọ̀ ewé, ikùn rẹ̀ le bí igbá. Ìfun rẹ̀ ti lọ́ pọ̀. Màmá fọwọ́ kàn án, ó mọ̀. Dókítà fọwọ́ kàn án, òun náà mọ̀; ó ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ kíá. Ó ku ìbéèrè méjì. Ṣé ó ti ṣe èèyi rí? Kò ṣe é rí. Ṣé ẹnikẹ́ni ń ṣe é nílé?

Ìyá Aláró ì bá ti parọ́. Ó mọ òfin náà, gbogbo Ìtòkú ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bi í. Ó ní, "Ẹ̀bùn, ilẹ̀ gbóná nílé wa. Láti ọjọ́ Jímọ̀."

Dókítà yíjú sí Màmá. "Kí ló wí?"

Màmá ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun wo ikùn ọmọ náà, òun ka wákàtí tó kù fún un, òun ka wákàtí tí ọ̀nà ìlú kejì máa gbà, wọn ò bára mu. Ó wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá dókítà lóhùn pé, "Ó ní ilé àwọn gbóná."

Dókítà nu òógùn ojú rẹ̀. "Ta ni ilé rẹ̀ ò gbóná lóṣù yìí? Bí a bá ti ṣe tán, ẹ gbé e sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kó lè máa rí atẹ́gùn."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fèrèsé yẹn ni Dàpọ̀ wà, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ògì gbígbóná dà lé lẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti bu awọ itan rẹ̀ fi bo ojú egbò náà, ó sì ti ń jinná. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí kò ní kí wọ́n gbé Sìdí síbòmíràn. Ó ní, "Wọn á bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó bá ti yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kẹta, ojú Sìdí pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ara rẹ̀ sì sú jáde. Màmá wọ ọ́fíìsì dókítà lọ láìdúró kí ẹnikẹ́ni pè é.

"Dókítà, èèyi ni ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń ṣe. Mo ti mọ̀ kí ẹ tó mú ọ̀bẹ."

"Ẹ sọ fún mi pé ilé wọn gbóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe èèyi ní èdè wa."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí ẹ bá ti sọ fún mi, mi ò ní gbà á. Òfin yín ni."

"Mo mọ̀."

Màmá ní kò pariwo mọ́ òun. Ó ní ì bá sàn fún òun kó pariwo. Kó tó jáde níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, tó wà lẹ́yìn ọsibítù, tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí àgbàlá. Láàárín ọjọ́ méjì, ó ti kó aṣọ jáde níbẹ̀, ó ti fi omi ọṣẹ fọ ògiri rẹ̀, ó ti gba tábìlì àtijọ́ kan àti ìkòkò tó ń se irinṣẹ́ lórí sítóòfù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tó bá ń ṣe èèyi tàbí tó ti ilé èèyi wá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí kì í wọ wọ́ọ̀dù lónìí. Wọn ò kọ lẹ́tà ìlú kejì fún ọmọ kankan mọ́. Títí òjò fi dé, Màmá ò sùn nílé. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ, mo sì ń gbé e kalẹ̀ sí àgbàlá.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti bọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mẹ́ta ṣubú lulẹ̀ fún èèyi nínú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣọ́. Méjì yè é. Dàpọ̀ kú láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Mátírọ́nì, olórí gbogbo nọ́ọ̀sì, kọ̀wé sí Màmá pé kì í ṣe sístà àgbà tíátà mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń di egbò, ibẹ̀ ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìlú ní àwọn onílara ló ṣe é. Èmi náà ń bá wọn sọ bẹ́ẹ̀, mò ń bá ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn jà, títí ọjọ́ tí Màmá pè mí jókòó tó sì ní, "Má gbèjà mi níbi tí mo ti jẹ̀bi."

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ní kí n sin òun lọ sí Kútọ̀. Ojú ọ̀nà ló ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ìyá Dàpọ̀ ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ fún àwọn èrò Èkó. Bó ṣe rí Màmá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ kú ìtọ́jú ọjọ́sí."

"Má tíì kí mi. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná."

Ó sọ ọ́ ní ìdúró. Kò sọ pé ilẹ̀ gbóná. Ó ní, "Èèyi ni. Mo mọ̀. Mi ò sọ." Kò fi ẹkún sí i, kò sì bẹ̀bẹ̀. Awakọ̀ kan ń fọn fèrè, èrò kan na ọwọ́ pé òun fẹ́ búrẹ́dì. Ìyá Dàpọ̀ dìde, ó tà á fún un, ó padà wá.

"Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ńkọ́? Ó yè?"

"Ó yè."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Sìdíkátù."

Ó tún orúkọ náà pè fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé Dàpọ̀ ni tèmi ń jẹ́. Ẹ máa lọ, Màmá. Mi ò lè bá yín sọ ju báyìí lọ."

Màmá kọ̀ láti wọ mọ́tò padà. A fẹsẹ̀ rìn dé Ìjẹmọ̀ nínú oòrùn. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo bínú nítorí Dàpọ̀, mo bínú nítorí ó sọ fún mi, mo sì tún bínú pé mi ò mọ ohun tí ì bá ṣe. Mo bi í. Ó ní, "Ǹ bá ní èèyi ni, kí n wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn títí wọn á fi wá ibòmíràn tí wọ́n ti máa ṣe é. Yàrá ìlọṣọ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, Títí. Mi ò rò ó. Òfin tí mo ṣe ti dí mi lójú. Mo wá fi òtítọ́ purọ́, èyí sì burú ju irọ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó lè gbá a mú."

Òun nìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ fi èyí sínú ìwé ìsìnkú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ fún wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń pè é ní àdàbà, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n tún ń sin ín lẹ́ẹ̀kejì.

Ní àná, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ọ̀sán lọ, Sìdíkátù wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti di ọmọge, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Títí, nígbà tí Màmá wà lórí àìsàn, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní bí àwọn bá ti lọ, kí n lọ kí Ìyá Dàpọ̀ ní Kútọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn."

Mo fọ ojú mi, mo wọ bàtà, a jọ lọ.

Ìyá Dàpọ̀ ṣì ń ta búrẹ́dì níbẹ̀. Ó ti darúgbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ mí, ó sì kí mi kú ọ̀fọ̀ Màmá. Ó wá rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Sìdí kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Èmi ni Sìdíkátù." Ìyá Dàpọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti ga," ló wí.

Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga gbọọrọ tó jókòó sí, kí ọmọ náà lè rí àyè jókòó.